Bí Àáfà Ṣe Ń Ka Oṣù Mẹ́ta

Òórùn òrí ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹni lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wa ní Fátè. Kì í ṣe òórùn burúkú, mi ò sì lè pè é ní òórùn dídùn. Ó dà bí ìgbà tí èéfín igi àti ẹ̀pà yíyan bá jọ sùn mọ́jú nínú aṣọ kan náà. Abọ́ kéékèèké tí wọ́n fi ń kó àpẹẹrẹ òrí wá láti ilé iṣẹ́ wa ní Òkè-Oyì máa ń wà lórí tábìlì nínú gbogbo yàrá, títí kan yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́, tó jẹ́ ilé ìdáná tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ ilé náà di ọ́fíìsì. Síńkì ìfọbọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ síńkì yẹn ni sáfà wa dúró sí, kọ̀ǹpútà dúdú kan tó ń kùn bí oyin láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó ń gba gbogbo ímeèlì ilé iṣẹ́ wọlé, tó sì ń rán wọn jáde. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn òrí lára ẹnikẹ́ni nínú mọ́tò, ẹ̀rọ yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń rántí ọkùnrin tó fi í lé mi lọ́wọ́.

Àáfà ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ àdúgbò Gàmbàrí ni, ilé kéwú ni wọ́n bí i sí, òun fúnra rẹ̀ sì máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lẹ́yìn ìrun àsùbá kó tó wọ mọ́tò wá sí Fátè. Bí ẹni tó ń kọ wàláà láàárọ̀ ṣe wá di ẹni tó ń tọ́jú sáfà lọ́sàn-án, mi ò bi í rí. Bí mo ṣe bá a nìyẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀ nígbà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, wọ́n gbà mí fún ìdánwò oṣù mẹ́fà, wọ́n ní kí n kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó ti ìfẹ̀yìntì, ó sì máa fi ọ́fíìsì sílẹ̀ ní ìparí oṣù kẹfà. Ṣùgbọ́n kò ní í lọ pátápátá. Alhaja tó ni ilé iṣẹ́ ti ṣèlérí pé òun máa fún un ní lẹ́tà láti máa lọ sí Òkè-Oyì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó máa tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sí ibi tí a ti ń ṣe òrí. Lójú Àáfà, lẹ́tà yẹn ju lẹ́tà lọ. Ó sọ fún mi nígbà kan pé bí èèyàn bá fẹ̀yìn tì tí kò sì ní ibi kankan tó ń lọ láàárọ̀, àwọn ọmọ ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í rán an níṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nínú gbogbo iṣẹ́ tó fi hàn mí, sàtífíkéètì ló kà sí jù. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn ará ọ́fíìsì: ìwé ẹ̀rí kan ni, tí kò ní bébà, tí sáfà fi ń jẹ́rìí fún fóònù àti kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe olè tó gbé aṣọ òun wọ̀. Ilé iṣẹ́ kan lókè òkun ló ń fún wa, àádọ́rùn-ún ọjọ́ péré ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Bí ọjọ́ yẹn bá pé tí a ò tíì gba òmíràn, ó kú nìyẹn. Níbòmíràn, sáfà fúnra rẹ̀ ló ń gba òmíràn láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Tiwa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn tó ń fún wa ní íńtánẹ́ẹ̀tì ti ọ̀nà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń gbà wọlé pa, wọn ò sì fèsì ìkankan nínú gbogbo lẹ́tà tí Àáfà kọ sí wọn. Ọwọ́ la fi ń ṣe é.

Àáfà ní ìwé kan tó yà sọ́tọ̀ fún un, ìwé eléèpo pupa bíi tàwọn ọmọ iléèwé. Ó fi rúlà pín ojú ewé sí ọ̀nà mẹ́ta: oṣù, ohun tí a ṣe, ẹni tó ṣe é. Oṣù tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri. Oṣù àwọn Mùsùlùmí ni, ó sì fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ wọ́n, tó jẹ́ pé àǹtí akọ̀wé wa, tí òun náà jẹ́ ọmọ Gàmbàrí, ló kà wọ́n fún mi. Ó fi ìka tọ́ ojú ewé náà lọ sísàlẹ̀: Rajab, Shawwal, Muharram, Rabiu Kejì, ó sì tún padà sí Rajab. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni Àáfà máa ń gba sàtífíkéètì tuntun. Ní abẹ́ “ẹni tó ṣe é”, orúkọ rẹ̀ ló wà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Àǹtí wò mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. “Ṣé ẹ̀yin ará Ọ̀mù-Àrán ò ní oṣù tiyín ni?”

“A ní mà. Òun ló wà lára ògiri yẹn.”

“Ìyẹn tí ilé ìfowópamọ́ fi ń polówó ara wọn? Ẹ kúuṣẹ́.”

Mo bi Àáfà fúnra rẹ̀ ìdí tí kò fi lo kàlẹ́ńdà. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé gbọn eruku kúrò lára ẹ̀rọ lọ́wọ́, kò sì gbójú sókè. Ó ní, “Èyí tí mò ń lò náà, kàlẹ́ńdà ni.” Kò fi nǹkan kan kún un, èmi náà ò sì bi í síwájú sí i. Mo kà á sí àṣà ẹ̀sìn, ohun tó yẹ kí n bọ̀wọ̀ fún ṣùgbọ́n tí kò pọn dandan kí n tẹ̀ lé. Lójú mi, oṣù mẹ́ta ni oṣù mẹ́ta. Mo tún rò ó pé kò yẹ kí iṣẹ́ ilé iṣẹ́ dúró lórí bóyá kùrukùru bo ojú ọ̀run tàbí kò bò ó.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje, ọjọ́ kìíní tí mo dá wà pẹ̀lú ẹ̀rọ náà, mo gba sàtífíkéètì tuntun. Èyí tí Àáfà gbà ní Muharram ò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, nítorí náà kò sí ìdí kankan láti pààrọ̀ rẹ̀, àfi pé mo fẹ́ kí ohun gbogbo bá kàlẹ́ńdà ọ́fíìsì mu láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo wá fi sínú fóònù mi pé kó pè mí ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá. Mo yan ọjọ́ yẹn tìdùnnú-tìdùnnú: ọjọ́ òmìnira ni, ọ́fíìsì á dá, ẹnikẹ́ni ò ní í máa pè mí nígbà tí mo bá ń ṣiṣẹ́. Mi ò kọ ohunkóhun sínú ìwé pupa. Mo gbé e sórí pẹpẹ tó wà lókè síńkì, níbi tí àwọn tó ni ilé tẹ́lẹ̀ ti ń to àwo. Bí wọ́n bá bi mí nígbà náà, màá ní mo fara balẹ̀ ro gbogbo rẹ̀. Òótọ́ sì ni pé mo rò ó. Oṣù ni mo kà. Mi ò ka ọjọ́.

Oṣù keje lọ, oṣù kẹjọ lọ. Lẹ́tà Àáfà kò tíì jáde. Alhaja máa ń sọ pé òun á fọwọ́ sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á dé, ó sì tún máa ń lọ. Èmi náà ń dúró de lẹ́tà tèmi, nítorí pé ìdánwò oṣù mẹ́fà mi máa parí ní ìparí oṣù kẹsàn-án.

Ní ọjọ́ ìṣẹ́gun tó kẹ́yìn oṣù kẹsàn-án yẹn, òjò ti ń rọ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Aago mẹ́wàá kò tíì lù nígbà tí mo gbọ́ ohùn àǹtí láti yàrá iwájú.

“Kọ̀ǹpútà! Kọ̀ǹpútà dà? Ẹ sáré wá o, wọ́n ń jà wá lólè!”

Kọ̀ǹpútà ni orúkọ tó fún mi. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìkìlọ̀ kan ti gba gbogbo ojú ẹ̀rọ rẹ̀. Ó fi Yorùbá ka ìtumọ̀ rẹ̀ sókè bíi pé ó ń ka ìròyìn: ibi tí o fẹ́ lọ yìí kò ní ààbò, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan máa gbìyànjú láti jí ọ̀rọ̀ rẹ. Gbogbo ará ọ́fíìsì ló ti yọ fóònù wọn jáde, ìkìlọ̀ kan náà ló sì wà lórí ìkọ̀ọ̀kan. Ímeèlì kò wọlé, kò sì jáde. Alhaja jáde wá láti yàrá rẹ̀ pẹ̀lú fóònù tirẹ̀ lọ́wọ́. Oníbàárà kan lókè òkun fẹ́ rán ẹni tí yóò wá yẹ òrí wa wò sí Òkè-Oyì, ó sì ti ní kí a fèsì kí ọ̀sán tó pọ́n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni náà á kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Alhaja tún ìkìlọ̀ náà kà sínú, ètè rẹ̀ ń mì. Ó wá gbójú sókè. “Ta ni ẹnìkan yìí?”

Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ta ló mọ páàsíwọọ̀dù ẹ̀rọ yẹn?”

Mo ní, “Èmi ni mà, àti Àáfà.”

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Mo ti yẹ gbólóhùn yẹn wò lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ yẹn, mi ò sì rí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ojú gbogbo wọn kúrò lára mi bí mo ṣe sọ ọ́ tán, bí ìgbà tí wọ́n bá gbé ẹrù kúrò lórí ẹni tí wọ́n sì gbé e ka orí ẹlòmíràn tí kò sí nílé.

Alhaja ní kí n mú ìwé Àáfà wá. Ó ṣí i sí ojú ewé tó kẹ́yìn, kò sì nílò ẹni tó máa bá a ka lẹ́tà Lárúbáwá. Ó fi èékánná lé ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá. “Muharram. Orúkọ rẹ̀ ló gbẹ̀yìn níbí. Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni ò tún fọwọ́ kàn án.” Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n ó ti ń pe máníjà tó wà ní Òkè-Oyì. “Lẹ́tà Àáfà tí mo ní kí ẹ máa retí, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó sílé ẹ̀. Ó ń bínú pé mo fi òun falẹ̀, ó wá ti ilẹ̀kùn mọ́ wa.”

Mo ti ronú púpọ̀ lórí ìdí tó fi yá a lára láti gbà á gbọ́. Mi ò rò pé òǹrorò ni. Bí mo ṣe rí i ni pé ó mọ̀ pé òun ti fi ọkùnrin náà sórí ìdúró fún oṣù mẹ́ta láìnídìí, ẹni tí a bá sì ti fi sórí ìdúró láìnídìí, a kì í pẹ́ fura sí i. Ṣùgbọ́n èrò tèmi nìyẹn, ó lè máà rí bẹ́ẹ̀.

Mo padà sí ilé ìdáná, mo sì wo ọjọ́ tí sàtífíkéètì náà kú. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ náà gan-an. Mo fi ìka kà á: oṣù keje ní ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ náà ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo tún fi fóònù kà á. Iye kan náà ni. Oṣù mẹ́ta tí mo yàn jẹ́ ọjọ́ méjìléláàádọ́rùn-ún, sàtífíkéètì náà sì ti kú ní ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ tí mo ní kí fóònù pè mí. Kò sí olè kankan. Kò sí ẹnìkan. Èmi ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo béèrè fún òmíràn. Wọ́n fi ọ̀wọ́ lẹ́tà gígùn kan ránṣẹ́ pé kí n lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ orúkọ ilé iṣẹ́ wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lè mọ̀ pé àwa la ni orúkọ náà. Mo lẹ̀ ẹ́. Mo dúró. Òjò ń lu páànù, sáfà ń kùn. Wọ́n wá fún mi ní tuntun, mo gbé e síbi tó yẹ, mo sì sáré lọ wo kọ̀ǹpútà àǹtí. Ìkìlọ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀ gbọin. Mi ò rántí ohun tó kù mọ́. Alhaja ti fi ìwé pupa sílẹ̀ lórí tábìlì mi ní ṣíṣí. Ní èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, Àáfà ti fi bírò búlúù kọ àwọn ìlànà rẹ̀, èyí tó kẹ́yìn nínú wọn sì kà báyìí: “Gbígbà á nìkan kò tó. Pa iṣẹ́ ímeèlì, kí o tún un tan, kó lè mọ̀ pé òun ti ní òmíràn.” Mo pa á, mo tún un tan. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjìlá lù nígbà tí gbogbo fóònù ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í dún ganran-ganran, tí àwọn ímeèlì tó ti kó jọ ń ya wọlé. Ìlànà ọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bà lórúkọ jẹ́ ló yọ mí.

Alhaja fèsì oníbàárà rẹ̀. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, inú rẹ̀ dùn débi pé ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ọlọ́run á fi ọgbọ́n kún ọgbọ́n rẹ. O gbà wá lọ́wọ́ Àáfà yẹn. Ọ̀la ni kí o wá gba lẹ́tà tìẹ, ìdánwò rẹ ti parí.”

Mo ní, “Ẹ ṣé mà.”

Ohun tí mo sọ nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní gbogbo ọ̀sán yẹn, mo ń bá ara mi ṣe àròyé. Mi ò parọ́. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan tí mo fi irọ́ dáhùn. Ó ṣeé ṣe kó rí òótọ́ fúnra rẹ̀ bó bá tutù tán. Àwọn gbólóhùn yìí dúró dáadáa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí mo to gbogbo wọn pọ̀ ni mo rí i pé ohun tí wọ́n gbé ró kò dára.

Nígbà tí a ṣíwọ́, mo wọ mọ́tò lọ sí Gàmbàrí. Mo sọ fún ara mi pé ìbéèrè kan ni mo fẹ́ lọ bi í. Òjò ti dá. Wọ́n ti fọ àwọn wàláà, wọ́n sì to wọ́n ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, omi dúdú ṣì ń kán lára wọn. Àáfà jókòó sórí ẹní, ó ń fi ọ̀bẹ kékeré bó wáyà ẹ̀rọ amúgbóná kan tí ó dájú pé ará ilé kan ló ní kó bá òun tún un ṣe.

Ó ní, “Ínjíníà ará Ọ̀mù-Àrán! Ẹsẹ̀ òjò lo bá wá.”

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà.”

“Àǹtí yín ti pè mí. Ó ní mo ti di olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ orí mi yìí! Mo ní kó dúró ná, kí n wá ìbòjú.” Ó rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé á rẹ́rìn-ín pẹ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́. “Ọmọ mi obìnrin jókòó tì mí nígbà tó pè. Ohùn fóònù yìí máa ń lọ sókè. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀.”

Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Oṣù keje yín, ọjọ́ mélòó ni?”

“Mọ́kànlélọ́gbọ̀n sà.”

“Oṣù kẹjọ ńkọ́?”

“Mọ́kànlélọ́gbọ̀n.”

“Kò sí irú ẹ̀ nínú tiwa. Tiwa, bó pọ̀ títí, ọgbọ̀n. Bó bá dín, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Mẹ́ta wọn ò lè kọjá àádọ́rùn-ún láéláé.”

Mo ti ṣe ìṣirò tèmi nínú mọ́tò. Mo ní, “Bí mẹ́ta bá tẹ̀ lé ara wọn tí gbogbo wọn pé ọgbọ̀n ńkọ́ sà? Àádọ́rùn-ún gééré nìyẹn, ọjọ́ tó ń kú gan-an lẹ ń gba tuntun.”

Ó wò mí, ojú rẹ̀ dán díẹ̀, bí ti olùkọ́ tí ọmọ bi ní ìbéèrè tó ti ń retí. “Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti máa ń jáde síta, tí mò ń wo ojú ọ̀run. Oṣù tiwa kì í bá èèyàn lórí ìjókòó; à ń wá a ni. Bí mo bá ti ń wá a, mo ti ń rántí iṣẹ́ mi nìyẹn. Ìwọ sọ ọjọ́ tìẹ fún fóònù, o sì lọ sùn.” Ó tún mú ọ̀bẹ. “Ṣé o ti sọ fún Alhaja?”

“Rárá sà.”

Mo retí pé ó máa ní kí n sọ, tàbí kó ní kí n fi sílẹ̀. Kò ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Wọ́n pe ìrun mọ̀gàríbì, ó sì gbé kẹ́tùlù rẹ̀ dìde. “Má tíì lọ. Tùwó wà nílé.” Mo jókòó ti àwọn wàláà náà títí ó fi kírun tán, a sì jọ jẹ tùwó nínú àwo kan. Nípa bí àwọn èèyàn Òkè-Oyì ṣe ń fi alùpùpù kó èso òrí kọjá lójú ọ̀nà lásìkò òjò ló sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun tán. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ṣì ń lọ síbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó wọ yàrá Alhaja, mo kọ ìlà méjì sínú ìwé pupa, lábẹ́ Muharram. Ìlà kìíní: ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje, mo gba tuntun, orúkọ mi. Ìlà kejì: ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án, mo ṣìṣirò, mo jẹ́ kó kú, orúkọ mi. Lẹ́tà mi wà lórí tábìlì rẹ̀, nínú àpòòwé funfun. Mo gbé ìwé náà lé e lórí. Ó kà á tán, ó gbójú sókè.

“Ìwọ?”

“Èmi ni mà.”

“Ìwọ tí mò ń ṣàdúrà fún lánàá? Kí ló ṣe ẹnu rẹ?”

Mo ti to ìdáhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀, gbogbo wọn ló sì ṣeé gbọ́ sétí. Èyí tó jáde kò sí nínú wọn. Mo ní, “Mò ń fẹ́ lẹ́tà yẹn ni mà.”

Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó ju àpòòwé náà sínú rẹ̀, ó sì fi orúnkún tì í padà. “Ìdánwò rẹ, oṣù mẹ́ta sí i. Oṣù tìẹ o, àwọn tó gùn yẹn. Kì í ṣe tiwa.” Mo gbọ́ tí àǹtí fi ọwọ́ bo ẹ̀rín lẹ́nu ọ̀nà. Mo wá sọ fún Alhaja pé ọmọ Àáfà gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa bàbá rẹ̀. Ó fa fóònù rẹ̀, ó sì pe Àáfà níṣojú mi. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́: “Àáfà, ẹ forí jì mí… Rárá, ọmọ iṣẹ́ yín ló fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́… Lẹ́tà yín ń bọ̀ lónìí, mo fi Ọlọ́run búra… Ọmọ yín obìnrin ńkọ́, ṣé ó wà nílé? Ẹ fún un ní fóònù.” Ó sì tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ fún ọmọ náà, pé irọ́ ni òun pa mọ́ bàbá rẹ̀, láìgé e kúrú. Ó ní máníjà Òkè-Oyì náà á gbọ́ ọ lẹ́nu òun kí ilẹ̀ tó ṣú. Ibi tí a bá ti ba èèyàn jẹ́, ibẹ̀ náà la ti ń tún un ṣe. Ó jọ pé ó mọ ìyẹn jù mí lọ.

Àáfà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Òkè-Oyì ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Èmi náà gba lẹ́tà tèmi níkẹyìn, ní oṣù kìíní ọdún kejì. Láìpẹ́ sí ìgbà yẹn, àwọn oníńtánẹ́ẹ̀tì ṣí ọ̀nà tí wọ́n tì pa, sáfà wa sì ń gba sàtífíkéètì fúnra rẹ̀ báyìí, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó bá wù ú, láìbi ẹnikẹ́ni. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń kà mọ́.

Mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé Àáfà ti ṣe ìṣirò ọjọ́ yẹn kó tó yan oṣù rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé oṣù tó bá nílé ló kàn ń lò, tó sì wá rí i lẹ́yìn náà pé ó ṣe rẹ́gí. Mo ti fẹ́ bi í lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi í sílẹ̀, nítorí pé mo ti wá rí i pé kì í ṣe orí kíka oṣù ni mo ti ṣe àṣìṣe tó wúwo jù. Ṣíṣi ọjọ́ méjì kà, ìdajì òwúrọ̀ ló gbà láti tún un ṣe. Àyè kékeré kan tí mo fi sílẹ̀ lófìfo nínú ìwé, níbi tó yẹ kí orúkọ mi wà, òun ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àgbàlagbà kan, tó sì fẹ́ sọ ọ́ di olè lójú ọmọ rẹ̀. Ìwé pupa náà ṣì wà lórí pẹpẹ lókè síńkì, òórùn òrí ti wọ bébà rẹ̀. Bí sáfà bá gba tuntun, màá mú un sọ̀kalẹ̀, màá kọ ọjọ́ náà. Ẹ̀rọ ló ń ṣe iṣẹ́ náà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ “ẹni tó ṣe é”, orúkọ mi ni mo ń kọ.